Etí kan ṣoṣo ló ń dún: ṣé àlẹ́jì náà ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Keje ni àlẹ́jì koríko máa ń dà mí láàmú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ra butterbur, oògùn ewé kan, oníhóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sínsín náà dín kù, ṣùgbọ́n etí mi ọ̀tún ti ń dún wíì láti ìgbà Kérésì, n kì í sì í gbọ́ fóònù dáadáa níbẹ̀ mọ́. Ṣé kí n fi kún oògùn náà ni? — Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi kún un, Ìyá Ìbejì. Ẹ dá a dúró pátápátá.

Òótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ewé yìí. Ní 2002, BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn 125 jáde: fún ọ̀sẹ̀ méjì, butterbur ṣiṣẹ́ bíi cetirizine, oògùn àlẹ́jì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n fún ní hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú láti fi wéra, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì sọ ohun tí oṣù mẹ́ta yóò ṣe fún ẹ̀dọ̀. Oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú ewéko náà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é kò bá yọ ọ́ tán, ẹ̀yin lẹ máa gbé e mì. Ìdí nìyí tí MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2012. Bí ẹyinjú yín bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Etí yẹn ló ká wa lára jù. Bí àlẹ́jì bá dí etí, méjèèjì ló sábà máa ń dí, bíi pé omi wọ̀ ọ́, tí ẹ bá sì yán tàbí dá itọ́ mì, a máa là. Kò sí àtíkè koríko tó ń fa àlẹ́jì yín nínú afẹ́fẹ́ nígbà Kérésì. Ẹ gbé fóònù sí etí kọ̀ọ̀kan láì yí ohùn rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn ní ọ̀tún ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò yé yín, ó ṣeé ṣe kí iṣan ìgbọ́ràn ní ìṣòro.

Kókó kan tó máa ń hù nínú ara, tó lè fa èyí, ni wọ́n ń pè ní vestibular schwannoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì wọ́pọ̀. Ara iṣan tí kì í jẹ́ kí òòyì kọ́ni ló ti ń hù, ihò tóóró kan náà nínú egungun ni iṣan yìí àti iṣan ìgbọ́ràn jọ ń gbà, nítorí náà bó ti wù kó kéré, ó lè fún ìgbọ́ràn mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún GP (dókítà àdúgbò yín) báyìí: “Etí kan ṣoṣo ni, ó ń dún, n kò sì gbọ́ dáadáa níbẹ̀.” Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló máa kọ́kọ́ wáyé, lẹ́yìn náà MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara). Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe MRI yìí ni wọn kì í bá kókó kankan lára wọn. Bí wọ́n bá rí i, tó sì kéré, wọ́n sábà máa ń fi MRI ṣọ́ ọ ni. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Kò sí ewé tí ìwádìí fi hàn pé ó ń sún un kì. Ginkgo, oògùn ewé tí wọ́n ń tà fún etí dídún, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Bí etí bá ṣàdédé dẹ́kun gbígbọ́ràn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró de GP ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: lọ́jọ́ náà ni kí ẹ wá dókítà.

Fún imú, ẹ se omi kó hó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ife kan (240 ml), iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, ẹ fi ṣan ihò imú méjèèjì. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tí ẹ kò sè; kòkòrò tó lè gba imú wọ ọpọlọ lè wà nínú rẹ̀.