Ẹ Bi Màmá Agbẹ̀bí: Ọwọ́ tó ń wọ́ aboyún, ọwọ́ tó ń wọ́ ọmọ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Oyún mi ti pé oṣù méje. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìbàdí ń ro mí débi pé mi ò rí oorun sùn. Nọ́ọ̀sì sọ pé ọmọ fi ìdí sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ pé kó wá máa wọ́ ikùn mi kí ọmọ lè yí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìgbọràn.* — Ìyàwó tuntun, Òṣogbo

Ọmọ mi, má gbé ikùn rẹ fún ẹnikẹ́ni wọ́. Ọdún 34 ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé aboyún kan wá bá wa, ikùn rẹ̀ le bí igi, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ti wọ́ ikùn rẹ̀ títí, wọ́n ní àwọn ń to ọmọ. Ibi ọmọ ti já kúrò lára ilé ọmọ. A rí ẹ̀mí ìyá gbà là, ọmọ ti lọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ "ẹ jẹ́ ká to ọmọ", àyà mi á já.

Fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó fi ìdí sílẹ̀ ní oṣù méje ṣì láyè láti yí fúnra rẹ̀. Nígbà tí oyún bá fi máa pé, nínú ọmọ 100, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń ṣẹ́kù tó ṣì fi ìdí sílẹ̀. Bí tìrẹ bá wà lára wọn, dókítà lè fọwọ́ yí i láti òde ikùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi scan wò ó, wọ́n á máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, yàrá iṣẹ́ abẹ á sì wà nítòsí. Ìyá tí wọ́n fẹ́ pè yẹn kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ̀yìn àti ìbàdí ló yẹ kí wọ́n bá ọ wọ́, ọkọ rẹ gan-an ni kó sì ṣe é. Gun àga onígi kan, kí o kọjú sí ibi tí wọ́n máa ń fẹ̀yìn tì, gbé ìrọ̀rí lé e, kí o gbórí lé ìrọ̀rí. Kí ọkọ rẹ jókòó sẹ́yìn rẹ, kó yọ́ òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Kó má fi àtàǹpàkò tẹ egungun ẹ̀yìn o. Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́, láti ìbàdí lọ sókè dé èjìká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá padà sí ìbàdí, kó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀, kó dúró díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo máa ń tẹ̀ fún àwọn tó ń rọbí, wọ́n á sì máa ké pé, "Màmá, ẹ má gbọ́wọ́ kúrò!" Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi wíwọ́ ara kún ohun tí a lè fi dẹ ìrora ìrọbí. Ìṣẹ́jú 15 ti tó lẹ́ẹ̀kan. Kí ọkọ rẹ kọ́ ṣíṣe rẹ̀ nísinsìnyí, kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú nírọ̀lẹ́, kó rọra wọ́ wọn láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sí orúnkún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ló wú, tó gbóná, tó ń dùn ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, wíwọ́ sì lè mú kó já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ojú àti ọwọ́ bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má bá wọn jiyàn. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lọ sí kílíníìkì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ lè fetí ara yín gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Nọ́ọ̀sì á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ-ọmọ wọn ṣe ń lù. Mo ti rí i tí ìyá ọkọ sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

*Ìyàwó ọmọ mi kò jẹ́ kí n wẹ ọmọ. Ó ní mò ń jù ú sókè, mò ń fún ọmú rẹ̀, mò ń tẹ orí rẹ̀. Báyìí la ṣe wẹ bàbá ọmọ náà. Ṣé gbogbo ohun tí à ń ṣe látijọ́ ló ti burú ni?* — Ìyá àgbà kan, Abẹ́òkúta

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, ẹ̀yin ìyá wa. Kò burú tán o. Òrí, ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oríkì tí ẹ ń ki ọmọ bí ẹ ṣe ń wọ́ ọ: ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láé. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tó pé oṣù tí ara rẹ̀ sì dá, a lè máa rọra wọ́ gbogbo ara rẹ̀, ó lè ràn án lọ́wọ́ láti dàgbà dáadáa.

Agbára ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò níbẹ̀. Ọmú ọmọ tó wú, ohun tó gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún ló fà á, á sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fún un, àìsàn lè wọlé kó di eéwo. Mo ti di ọmọbìnrin ọlọ́jọ́ méjìlá mú kí dókítà lè fi abẹ la ọmú rẹ̀. Ẹkún rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi. Orí tó gùn, ọ̀nà tó gbà jáde ló tẹ̀ ẹ́, á bọ̀ sípò láìsí pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má sì tẹ àwùjẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, ọpọlọ rẹ̀ sì rọ̀, nítorí náà ẹ má jù ú sókè, ẹ má di apá rẹ̀ kan mú gbé e sókè.

Báàmù tó ń ta lára kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ tuntun rárá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má kó káfúrà sáàárín aṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, pàápàá ọmọkùnrin, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káfúrà. Ara wọn á pupa rúsúrúsú, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi òrí tàbí òróró àgbọn ra àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti itan lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí apá àti ẹ̀yìn. Bí ìwọ́ bá ti já tó sì ti jinná, ẹ máa yí ọwọ́ ká ikùn rẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ má ṣe é nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán. Bó bá ń yíjú kúrò tàbí tó ń ké, ó ti tó nìyẹn. Ẹ pe ìyàwó ọmọ yín wá wò ó bí ẹ ṣe ń ṣe é.

*Ìbejì wa kò pé oṣù kí a tó bí wọn. Táyé wọn kílò 1.9, Kẹ́yìndé 1.7. Ṣé ká máa wọ́ wọn?* — Bàbá Ìbejì, Ìlọrin

Àyà yín ni ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lé ná, ìhòòhò sí ìhòòhò, kí ẹ fi aṣọ bò wọ́n. Wíwọ́ náà ń ṣiṣẹ́: ní ìlú Miami, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1986, àwọn ọmọ tí kò pé oṣù tí wọ́n ń wọ́ ní ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 10, fi ìdá 47 nínú 100 sanra lójoojúmọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n awọ wọn fẹ́lẹ́, ó sì yára láti bó, nítorí náà kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kọ́ yín lójúkojú. Kó tó dìgbà náà, bí ìyá wọn bá gbé Kẹ́yìndé, kí ìwọ náà bọ́ ẹ̀wù rẹ, kí o gbé Táyé.