Àbúrò mi, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ

Àbúrò mi àgùnbánirọ̀, o kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, pé ní ìdàpọ̀ tí ò ń lọ báyìí, wọ́n ní àdúrà tí èèyàn bá kà nínú ìwé kì í ṣe àdúrà. O tún ní bí o bá kúnlẹ̀, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ. O wá ń béèrè ọ̀nà mìíràn téèyàn lè gbà gbàdúrà, àti èyí tí wàá fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn fún ọ, bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bá Jésù sọ nínú Lúùkù orí 11. Wọ́n ní kó kọ́ àwọn bí a ṣe ń gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ ló fi sí wọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń kà lórí títí dòní. Àwọn olórí ìdàpọ̀ yín á lo oṣù mẹ́ta lórí bí a ṣe ń dáná sun ọ̀tá, wọn ò ní lo ìrọ̀lẹ́ kan lórí Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run. Àmọ́ kí n má tíì bínú.

Èmi náà ti wà níbi tí ariwo nìkan ti ń jẹ́ àdúrà. Oyún mẹ́ta ló wálẹ̀ lára mi láàárín ọdún márùn-ún. Nígbà tí ìkẹrin dúró, mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kan ní Gbági, ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ta aṣọ, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Wòlíì ní ààwẹ̀ gbígbẹ ni, ọjọ́ méje lórí òkè, láìjẹ láìmu. Mo ní oyún oṣù méjì wà nínú mi, mo sì ń lo oògùn. Ó ní bí mo bá gbé oògùn gun òkè, àpò mi ni Ọlọ́run máa wò, kò ní wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi nígbà náà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi oògùn sí, mo bá wọn lọ.

Ọjọ́ kìíní, mo ké. Ọjọ́ kejì, ohùn mi ti lọ, wọ́n ní kí n máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ dípò rẹ̀. Òru ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì, a dé orí kókó àdúrà kẹtàdínlógún. Mo mọ̀ torí pé mo ń kà á, mo ń wo ìgbà tó máa tán. Ojú mi ṣú. Ìgbà tí mo máa mọ nǹkan, ẹ̀yìn mi ló wà lórí àpáta, ìró mi sì ti tutù fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi sọ̀ kalẹ̀, wòlíì ní mo tòògbé ni, pé ẹni tó bá tòògbé lójú ogun, ọ̀tá á gba tọwọ́ rẹ̀.

Dókítà náà kò sàn jù ú lọ. Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti aláìsàn mẹ́fà ló ti bi mí pé ìwé mélòó ni mo kà. Omi ló fà sí mi lára, kò fa ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan.

Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi lè gbàdúrà. Bí mo bá la ẹnu, "Bàbá" nìkan ló ń jáde, ìyókù á dì bí ẹ̀bà àná. Ọkọ mi á gbàdúrà fún àwa méjèèjì, èmi á ṣe àmín tí kò ti ọ̀fun wá.

Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 78 nígbà náà, ló wá bá mi ní yàrá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, èdè àtijọ́ ti Crowther, èyí tó parí ní 1884. Mo rò pé ó fẹ́ gbà mí níyànjú ni. Sáàmù 88 ló ṣí. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pa ìwé dé, ó lọ ro àmàlà. Kò sọ gbólóhùn kan sí i. Lọ kà á, àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ Sáàmù ẹkún ló máa ń yí sí ìyìn. Sáàmù 13, ẹsẹ 6 péré, "yóò ti pẹ́ tó" ló fi bẹ̀rẹ̀, orin ló fi parí. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ni Sáàmù 88 parí sí. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe ẹjọ́ dé òpin, kò sì sí ẹni tó fà á ya kúrò nínú Bíbélì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé a lè fẹjọ́ Ọlọ́run sun Ọlọ́run fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ṣí i, kà á sókè, fi ọ̀rọ̀ tìrẹ sí i láàárín. O mọ ìyókù.

Ẹ̀yin aláboyún tó ń ka èyí, àtẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba oògùn lọ́wọ́ yín nítorí ààwẹ̀. Ẹni tó bá ní àìnígbàgbọ́ ni, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i pé bírò rẹ̀ kò ní yọ yíǹkì. N kò sọ pé orí òkè burú o. Bàbá bàbá mi wà ní Òkè-Oóyè, Iléṣà, lọ́dún 1930 nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ohun tó sọ fún wa nípa rẹ̀ kò jọ èyí tí mo rí rárá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bi mí bóyá mo padà bímọ. Ìyẹn kọ́ la wí.

Ọ̀nà kejì ni àdúrà ìdákẹ́jẹ́. Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, ńkọ́? Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Àlùfáà Élì, ẹni tó yẹ kó mọ àdúrà bó bá rí i, ló rò pé ọtí ló ń pa á. Nítorí náà bí olórí ìdàpọ̀ yín bá rí ọ tí o dákẹ́, tó sì ní o kò gbóná, o ti mọ ẹni tó fi jọ.

Ọ̀nà kẹta, ọwọ́ aládùúgbò mi kan lọ́jà, Kátólíìkì, ni mo ti kọ́ ọ. Ó ní Ignatius ará Loyola, àlùfáà ọmọ Sípéènì kan, ló fi kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ láyé ọjọ́un. Lálẹ́, kó o tó sùn, wo ọjọ́ náà sẹ́yìn bí ìgbà téèyàn ń ṣírò ọjà: ibi tí mo ti jèrè, ibi tí owó ti jábọ́, ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ìdúpẹ́, ẹni tí mo fi òṣùwọ̀n rẹ́ jẹ. Èmi tí mo ń ta aṣọ, èyí wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gbólóhùn kúkúrú tún wà tí mo máa ń sọ nínú micra bí wọ́n bá há wa sí Ìwó Road: Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi. Àwọn Kristẹni Gíríìsì àti Rọ́ṣíà ti ń gbà á láti ọjọ́ pípẹ́.

Háà, ìbéèrè rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lo ní. Lo Ìwé Àdúrà màmá rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, má tijú. Bí ọ̀rọ̀ bá wá tán, jẹ́ kó tán, má dìde. Jókòó síbẹ̀ ìṣẹ́jú méjì sí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìrònú oúnjẹ àti gbèsè ni yóò kún ọkàn rẹ, èmi náà rí bẹ́ẹ̀. Róòmù 8:26, tó ní Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀ fún wa nígbà tí a kò mọ bí a ṣe máa gbàdúrà, wà fún irú àkókò yẹn.

Èmi ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, aago méje àárọ̀. Bí mo bá ti gbé e mì, ni mo máa ń ṣí Sáàmù.