Ìgbà Wo ni Rọ́kẹ́ẹ̀tì Máa Dé Pleiades?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. SS3 ni mò ń kọ́ ní físíìsì. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ jáde lálẹ́, mo sì fi ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣù jọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Pleiades, hàn wọ́n. Ọ̀kan béèrè pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra lónìí, ìgbà wo ló máa débẹ̀? Òmíràn ní òun kà á pé Parker Solar Probe, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ wo oòrùn, ń sáré 692,000 kìlómítà ní wákàtí kan, pé bí a bá ṣáà rọ epo sí i, a ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ìṣirò tí mo lè kọ sójú pátákó fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, Tíṣà. Tí a bá fi eré Voyager 1, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí gbalasa òfurufú, ṣírò ọ̀nà náà, mílíọ̀nù ọdún 7.8 ló máa gbà. Ṣùgbọ́n bí mílíọ̀nù ọdún yẹn bá pé, kò ní débẹ̀ náà, torí ìdìpọ̀ ìràwọ̀ yẹn kò dúró dè é. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣirò ọ̀nà, òun ló rọrùn jù. Ìmọ́lẹ̀ ń rin 299,792 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Voyager 1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ń rin nǹkan bíi 17. (Láti ibí lọ, tí mo bá ti dárúkọ eré láìsọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mò ń sọ.) Ẹ fi 17 pín 299,792, ẹ ó rí 17,635. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan (òun là ń pè ní ọdún ìmọ́lẹ̀ kan), Voyager á fi ọdún 17,635 rìn ín. Pleiades jìnnà sí wa ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 444. Ẹ sọ 17,635 di ìlọ́po 444, mílíọ̀nù 7.8 yẹn nìyẹn. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe ti Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, tó wà ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24. Ẹni tó bá rí nǹkan bíi 75,000 ọdún ló gbà á.

Bí ọmọ kan bá bá 390 pàdé nínú ìwé dípò 444, ẹ má fi máàkì rẹ̀ dù ú. Sátẹ́láìtì Hipparcos ló wọn ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, àríyànjiyàn sì gùn lórí rẹ̀ kí sátẹ́láìtì Gaia tó wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1580, nígbà tí Galileo, tó wá ya àwòrán ìràwọ̀ wọ̀nyẹn ní 1610, kò tíì pé ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ Parker wá kàn. Eré tí Parker ń sá, eré ohun tó ń já bọ́ ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2024, ó kọjá ní mílíọ̀nù kìlómítà 6.1 sí ojú oòrùn, eré rẹ̀ sì jẹ́ 192, èyí tó jẹ́ 692,000 ní wákàtí kan. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló gbé eré yẹn fún un. Òòfà oòrùn ló ń fà á wálẹ̀ bí òkúta tó yẹ̀ látorí àpáta. Tó bá ti yí oòrùn po tán, tó ń gun òkè padà, òòfà kan náà á máa gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé ìpẹ̀kun ọ̀nà rẹ̀, nítòsí ibi tí Àgùàlà ń gbà yí oòrùn ká, eré rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bíi 12, tí Voyager gan-an jù lọ. Kódà níbi tó ti sáré jù yẹn, ohun tó bá fẹ́ já lọ́wọ́ oòrùn pátápátá gbọ́dọ̀ tó 197. Parker fi márùn-ún kùnà. Yíyípo ni yóò máa yí po.

Voyager já lọ́wọ́ oòrùn ní tirẹ̀ torí ó rí gbéni-gbéni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà kọjá ní oṣù kẹta 1979, ó gba ẹ̀gbẹ́ Sátọ̀n ní oṣù kọkànlá 1980. Àwọn méjèèjì ń yí oòrùn ká lọ ní tiwọn, òòfà wọn sì fà á tẹ̀lé wọn díẹ̀, ó bu nínú eré wọn lọ láì san kọ́bọ̀.

Epo ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ yanjú èyí fún wọn: rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ti afẹ́fẹ́. Gáàsì tó ń tú jáde nídìí rẹ̀ ló ń tì í síwájú, bíi bàlúùnù tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n sì jù sílẹ̀ láì di ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé nìkan ló ń ṣi èyí gbọ́. Ìwé ìròyìn The New York Times fi Robert Goddard, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀ ní 1920, wọn ò sì tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe títí di ọjọ́ 17 oṣù keje 1969, nígbà tí Apollo 11 ti wà lójú ọ̀nà òṣùpá. Ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ máa ń ṣe dáadáa sí i níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Agogo tí gáàsì ń gbà jáde níbẹ̀ tóbi ju ti ilẹ̀ lọ, kí gáàsì lè ráyè fẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá tan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé á fún gáàsì náà mọ́ra, á bọ́ kúrò lára ògiri agogo láìdọ́gba, agogo á sì máa gbọ̀n títí tó lè fi fọ́.

Òfin tí ẹ máa kọ sójú pátákó ni èyí tí Konstantin Tsiolkovsky, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ará Rọ́ṣíà, tẹ̀ jáde ní 1903. Ẹ wọn rọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí epo kún inú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí epo tán, ẹ fi èkejì pín èkíní. Ẹ tẹ ln (bọ́tìnì natural logarithm lórí ẹ̀rọ ìṣirò) lórí èsì náà, kí ẹ wá fi eré tí gáàsì fi ń jáde sọ ọ́ di ìlọ́po. Ohun tí ẹ bá rí ni gbogbo eré tí epo yẹn lè fún un. Gáàsì kẹrosíìnì àti ọ́síjìn ń jáde ní bíi 3, ti háídírójìn àti ọ́síjìn ní bíi 4.4, epo tó ń jó kì í sì ju ìyẹn lọ lọ́nà tó nítumọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yìí ń ṣe. Pẹ̀lú háídírójìn, bí ẹ bá fẹ́ eré 4.4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po 2.7 èyí tó ṣófo. Fún 8.8, ìlọ́po 7.4. Fún 17.6, ìlọ́po 55. Fún 44, ìlọ́po 22,026. Eré ń fẹsẹ̀ rìn, epo ń fò. Ìdí ni pé epo tí ẹ rọ kún un, epo mìíràn ló máa gbé e. Ẹ rò ó bí ẹni tó háyà alábàárù láti gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, tí alábàárù náà sì ń jẹ nínú oúnjẹ tó gbé. Ó háyà ẹlòmíràn láti gbé oúnjẹ alábàárù, ìyẹn náà tún ń jẹun. Ní àsìkò kan, gbogbo ìlú ti wà lójú ọ̀nà, oúnjẹ tó sì máa dé ọjà kò ju abọ́ kan lọ.

Ní kí ọmọ tó mú àbá epo wá ṣírò ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀. Ìyẹn jẹ́ bíi 29,979. Kó fi 4.4 pín in, á rí 6,813, kó wá gbé òǹkà tí wọ́n ń pè ní “e” (bíi 2.718) sí agbára 6,813. Ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ rẹ̀ á kọ Math ERROR, torí òǹkà náà ní òdo tó ju 2,900 lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo átọ́ọ̀mù inú àgbáyé tí a lè rí, òǹkà tó ní nǹkan bí 80 òdo ló gbà wọ́n. Èyí ló máa ń kọ́ wọn ju gbogbo àlàyé lọ.

Gígé rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìpele ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹ mú rọ́kẹ́ẹ̀tì 100 tọ́ọ̀nù: epo 88, irin àti ẹ́ńjìnnì 8, ẹrù 4, kí gáàsì máa jáde ní 3. Tó bá jẹ́ ìpele kan, 100 pín sí 12, ln rẹ̀ jẹ́ 2.12, eré jẹ́ 6.36. Ẹ wá pín in sí méjì: ìpele ìsàlẹ̀ gba epo 70 àti irin 6, ti òkè gba epo 18 àti irin 2, ẹrù 4 náà wà lókè. Ti ìsàlẹ̀ jó láti 100 dé 30, ó fún wa ní 3.61. A já irin 6 sọnù. Ti òkè jó láti 24 dé 6, ó fún wa ní 4.16. Àpapọ̀ jẹ́ 7.77. Epo kan náà, irin kan náà, ẹrù kan náà, a sì jèrè 1.41. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe jù níbí ni pé wọ́n máa ń gbàgbé láti yọ irin 6 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kejì, tàbí kí wọ́n gbàgbé pé epo òkè wà lára ẹrù tí ti ìsàlẹ̀ gbé.

Ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná, irú èyí tó wà lára ọkọ̀ Dawn tó wà ní òfurufú láti 2007 sí 2018, ń ta gáàsì xenon jáde ní bíi 30. Ó mú epo dínkù gan-an, àmọ́ agbára tó fi ń tì kò ju ìwọ̀n bébà méjì tí ẹ tẹ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọdún lọ́nà ọdún ló fi ń tì kó tó nítumọ̀. Fún ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, òdo 434 ló ṣì máa wà nínú òǹkà ti òun náà.

Ọ̀rọ̀ pé Pleiades kò dúró wá kù. Tí a bá fi oòrùn ṣe òpó, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ náà ń jìnnà sí wa ní bíi 5.5, ó sì ń sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi 32. Lójú wa kò jọ pé ó ń kúrò lójú kan: kó tó sún ní ìwọ̀n fífẹ̀ òṣùpá kan lójú ọ̀run, á gba nǹkan bíi 36,000 ọdún. Ọ̀nà jíjìn ló fi eré náà pamọ́. Ẹni tó fẹ́ pàdé bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà níwájú rẹ̀ kọjá kò ní sáré tọ ibi tó ti rí i, ibi tí bọ́ọ̀sì máa dé ló máa dojú kọ. Kó tó lè ṣe ìyẹn, eré tó ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan gbọ́dọ̀ bá ti bọ́ọ̀sì dọ́gba, ká tó sọ ti eré síwájú. Voyager ní 17 lápapọ̀. Pleiades ń fi 32 sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi yòówù kí wọ́n dojú Voyager kọ, kò lè bá a.

Ìdádúró náà ń gba epo. Àwọn British Interplanetary Society ya àwòrán ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Daedalus láàárín 1973 sí 1978: 54,000 tọ́ọ̀nù, 50,000 nínú rẹ̀ jẹ́ epo, ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Pẹ̀lú eré yẹn, Pleiades jẹ́ 3,700 ọdún. Àmọ́ kò ní bíréèkì, fìrì ló máa kọjá. Ọkọ̀ tó bá gba ìlọ́po 20 láti yára, ìlọ́po 20 lọ́nà 20, ìyẹn 400, ló máa gbà kó tó lè yára kó sì tún dúró.

Ọmọ kan á béèrè nípa Einstein dandan. Òótọ́ ni pé aago inú ọkọ̀ máa falẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yára sí i bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, tó sì dẹsẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀ láti ìdajì ọ̀nà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á lo nǹkan bí ọdún méjìlá péré, nígbà tí ọdún 446 bá ti kọjá láyé. Ṣùgbọ́n ká ní ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń jáde nídìí rẹ̀, èyí tó dára jù tí òfin físíìsì gbà, kìlò kan tó máa débẹ̀ á gba epo tó ju kìlò 200,000 lọ, ìdajì rẹ̀ jẹ́ antimatter (òdìkejì èlò lásán, tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á di agbára), tí gbogbo èyí tí ẹ̀dá tíì ṣe rí kò tó gíráàmù kan.

Ohun tí a ti fi ránṣẹ́ sí ìdìpọ̀ ìràwọ̀ rí, rédíò ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 1974, awò rédíò Arecibo ní Puerto Rico ta àmì 1,679 sí ìdìpọ̀ M13 láàárín ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́ta. Òǹkà yẹn jẹ́ 23 lọ́nà 73, kí ẹni tó bá gbà á lè tò ó di àwòrán. Eré ìmọ́lẹ̀ ló ń sá, ó ku nǹkan bíi 25,000 ọdún kó tó débẹ̀.