Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa dé mọ́ ìránṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú: kí ló túmọ̀ sí?

Àbúrò kan béèrè lọ́wọ́ mi pé nígbà tí Ọba Charles Kẹta lọ ṣí Pálíámẹ́ǹtì ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Keje 2024, kí ló dé tí àwọn aṣòfin pa ilẹ̀kùn dé gbàgà mọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ lójú?

Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ló ní àwọn òyìnbó ò ka ọba wọn sí mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó tún ní torí pé adúláwọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ oyè ìránṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń pè é ní Black Rod. Irọ́ gbuu! Ọ̀pá igi dúdú tó ń mú lọ́wọ́, tó ní kìnnìún wúrà lórí, ni wọ́n fi ń pe olóyè. Sarah Clarke, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́, ní 2018, òyìnbó pọ́ńbélé ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan, kó dákẹ́. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà fún dídákẹ́.

Àrokò ni ilẹ̀kùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọba á jókòó sí ilé àwọn ọlọ́lá, á ní kí Black Rod lọ pe àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn wá. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pa á dé. Á fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí i. Mo ti dé ibẹ̀ rí, ní Sátidé kan tí wọ́n ń mú àlejò káàkiri. Ibi tí ọ̀pá ń bà lára igi yẹn ti jẹ wọnú, bí ojú ọlọ tí ìyá àgbà ti lò pẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1642. Charles Kìíní fúnra rẹ̀ kó ọmọ ogun dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó wọlé láti mú aṣòfin márùn-ún, John Pym wà nínú wọn. Ìjòyè kan fara ti ilẹ̀kùn kó má bàa pa dé, kí àwọn aṣòfin lè máa wo ìbọn àti idà níta. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ilẹ̀kùn tí wọ́n fipá ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń pa dé títí dòní.

Ọba ní kí Abẹnugan, William Lenthall, yá òun ní àga rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní àwọn ẹyẹ òun ti fò lọ. Ó bi Lenthall pé níbo ni wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní ojú tí òun fi ń ríran, òun ò sì ní ahọ́n tí òun fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi bí ilé bá ṣe pàṣẹ fún òun. Abẹnugan! Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ni oyè rẹ̀, ó ní òun ò lẹ́nu. Orúnkún rẹ̀ ń bọlá fún ọba, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ̀ fún un. Àwa tí a máa ń dọ̀bálẹ̀ ká tó sọ fún àgbà pé rárá, àwa ló yẹ kó tètè yé.

Ọdún yẹn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ní 1649 wọ́n bẹ́ ọba lórí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ti aṣòfin kan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ bí onídùúró ní ààfin Buckingham títí ọba á fi padà délé, eré ni wọ́n ń fi ṣe báyìí. Ti ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń yẹ̀ wò nítorí ẹ̀tù ìbọn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kó pamọ́ síbẹ̀ ní 1605, o lè ka ìyẹn níbikíbi.

Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi ní àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ohun tí a rán kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á ni. Nígbà tí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ kọ Aláàfin Aólẹ̀, igbá òfìfo ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí i. Òfìfo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikú ló wà nínú rẹ̀.

Wá wo oṣù Kẹsàn-án 2019. Boris Johnson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fẹ́ ti Pálíámẹ́ǹtì pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nígbà tí ọ̀rọ̀ kíkúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń hó lọ́wọ́. Black Rod dé lóru láti wá pe àwọn aṣòfin fún títì náà. Àwọn alátakò gbé ìwé sókè pé wọ́n ti pa àwọn lẹ́nu mọ́, àwọn kan fẹ́ di Abẹnugan John Bercow mú sórí àga. Ní ọjọ́ 24, adájọ́ 11 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Lady Hale ṣáájú wọn, fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Wọ́n ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ìwé tí a ò kọ nǹkan kan sí ni àwọn ìránṣẹ́ mú wọlé. Àrokò òfìfo! Ti Aólẹ̀ ní ikú nínú, ti Johnson ò ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aṣòfin ti padà sórí ìjókòó.

Àwa tí a jogún ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2018, àwọn jàǹdùkú gbé e jáde nílé aṣòfin àgbà l'Ábújá lójú gbogbo ayé, lábẹ́ afárá ni wọ́n ti rí i. Kó tó di pé wọ́n rí i, wọ́n ti gbé òmíràn jáde, ìjókòó ń lọ. Àrokò tó ní ààrọ̀!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sín ẹyọ owó mẹ́fà, mo gbé e fún ọmọ ọmọ mi, mo ní kí ni mo ń bá a sọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá àgbà, ààbọ̀ dọ́sìnnì ni.”