Ọ̀dà wo ni kí n fi kun abẹ́ Ìjàpá Volkswagen bàbá mi kó má bàa dógùn-ún mọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Volkswagen Ìjàpá 1977 kan ni bàbá wa fi sílẹ̀, èmi ni mo ń tún un ṣe nílé ní Badagry níbí. Mo ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, bọ́dì wà lọ́tọ̀, abẹ́ ẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ibi tí bátìrì ń jókòó sí lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn ti lu, àwọn ibòmíì kàn dógùn-ún lójú ni. Pẹ́ńtà àdúgbò wa ní red oxide lòun máa fi kun gbogbo ẹ̀, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ẹnì kan ní POR-15 ni kí n rà, ẹlòmíì ní epoxy. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́. Èwo ni kí n mú, báwo ni mo sì ṣe máa kùn ún tí kò fi ní bó dànù tójò bá ti rọ̀ sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó, torí ẹni tó bá ń tún Ìjàpá ṣe nìkan ló mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Tó bá jẹ́ 1977 ni lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, ilé iṣẹ́ Volkswagen ìgbà yẹn lójú títì Badagry, 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀. Badagry tẹ́ ẹ wà yìí, atẹ́gùn òkun ló ń fẹ́ síbẹ̀, iyọ̀ sì wà nínú ẹ̀. Irin ò nílò ju omi àti atẹ́gùn lọ kó tó dógùn-ún, tí iyọ̀ bá wá dá sí i, ó di wéré. Nítorí náà, ọ̀dà tó máa tó ẹni tó ń gbé Ìbàdàn lè máà tó yín o.

Kí n tètè sọ tèmi: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ fún yín, epoxy ni kẹ́ ẹ náwó lé. Àmọ́ epoxy tó wọ́n jù láyé, tẹ́ ẹ bá lọ kùn ún lé orí ìpẹtà àti gíríìsì, red oxide tí ẹlòmíì fi kun irin tó mọ́ máa pẹ́ jù ú lọ. Ojú irin yẹn ni iṣẹ́ wà, agolo ọ̀dà ló kẹ́yìn.

Red oxide tí pẹ́ńtà yín sọ, mi ò ní bú u. Gbogbo wẹ́dà tó ń ṣe géètì ló ń lò ó, ó wà níbi gbogbo, owó ẹ̀ ò sì ga. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọ̀ pupa inú ẹ̀ yẹn, ìpẹtà fúnra ẹ̀ ni, tí wọ́n lọ̀ kúnná, kò lè pẹtà kọjá ibi tó dé, ṣùgbọ́n kò gbèjà irin kankan. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin kí ọ̀dà tó máa wá lórí ẹ̀ lè rí nǹkan dì mú, ó parí. Tẹ́ ẹ bá kùn ún tẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan míì bò ó, omi máa gba inú ẹ̀ wọlé. Ẹ lọ wo géètì tí wọ́n fi red oxide nìkan sí tí òjò ọdún kan ti kọjá lórí ẹ̀, ẹ máa rí ibi tí omi pupa ti ṣàn wá sílẹ̀ lára ògiri. Tówó bá há gan-an, ẹ lè fi red oxide kun fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà tó ń dán bò ó dáadáa, torí bóòtù ló di fẹ́ńdà Ìjàpá mú, ìgbàkígbà lẹ lè tú u kẹ́ ẹ tún un kùn. Abẹ́ ọkọ̀ kọ́ lẹ máa fi ṣe irú ẹ̀, torí ẹ ò ní gbé bọ́dì sọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Epoxy ní tiẹ̀, ó ń dé irin mọ́lẹ̀ ni, omi ò ráyè kọjá. Ó máa ń dì mọ́ irin gan-an, àmọ́ irin tó mọ́ ló fẹ́, irin tí wọ́n ti yún dé ojú ara ẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀, tí oòrùn bá ń pa á, á máa hu ẹfun funfun, torí ẹ̀ ibikíbi tí oòrùn máa dé, ẹ fi ọ̀dà míì bò ó. Abẹ́ ọkọ̀ ò ní wàhálà yẹn.

POR-15 yàtọ̀ sí méjèèjì. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, ìyẹn ni pé ní Badagry ó máa tètè gan ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo lọ. Ó fẹ́ràn irin tó ní kòtò kòtò tàbí tí ìpẹtà díẹ̀ ṣì há sínú ẹ̀, irin tó dán tó ń kọ mọ̀nà ni kì í fẹ́ dì mọ́, á kàn máa ṣí bí awẹ́ ni. Ibi tẹ́ ẹ yún títí tí dúdú inú kòtò ò jáde ni kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún, agolo kékeré á tó. Ẹ dà á sínú kọ́ọ̀bù kékeré, ẹ má ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo gangan, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú kọ́ọ̀bù ẹ má dà á padà, ẹ sì nu ẹnu agolo kẹ́ ẹ tó dé e, tí ọ̀dà bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ dé e pa, ẹ ò ní lè ṣí i mọ́ láéláé. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù o, tó bá gan sí yín lọ́wọ́, kò sí tínà tó máa bó o, ó di ìgbà tí awọ bá pààrọ̀ ara ẹ̀. Òun náà ò fẹ́ oòrùn.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé ọ̀dà tó ní síǹkì ló dáa jù. Wọn ò parọ́. Síǹkì máa ń gbà kí ìpẹtà kọ́kọ́ jẹ òun kó tó kan irin, ohun tó jẹ́ kí páànù orí ilé pẹ́ náà nìyẹn. Àmọ́ síǹkì gbọ́dọ̀ fara kan irin gangan kó tó lè ṣiṣẹ́ yẹn, tí ìpẹtà tàbí ọ̀dà àtijọ́ bá wà láàárín wọn, owó yín gbé. Síwájú si, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó irin tó ní síǹkì lára lójú yín láìyún un kúrò, èéfín ẹ̀ máa ń gbé ibà sí èèyàn lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá, ibi tó lu lábẹ́ bátìrì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀, lápá ọ̀tún. Kì í ṣe omi ló jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ásíìdì bátìrì ni, ó sì ṣì wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ po baking soda mọ́ omi, ẹ dà á sí i, ó máa hó ṣùúṣùú, ẹ máa dà á sí i títí tí kò fi ní hó mọ́, kẹ́ ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣàn án. Lẹ́yìn náà kí wẹ́dà gé e dé ibi tí irin tó nípọn wà, kó fi irin pẹlẹbẹ tuntun dí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́dì fílà dí i fún yín, bọ́dì fílà máa ń mu omi, ẹ ó kàn máa tọ́jú ìpẹtà síbẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń da kóòtà (coal tar) lé gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kó lè dúdú kó lè wuyì, ìpẹtà tó wà lábẹ́ kóòtà ń bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ, ẹ ò kàn rí i ni.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gíríìsì kúrò. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà máa ń yún un kó tó fọ̀ ọ́, wọ́n kàn ń fi sáńpépà ti gíríìsì wọnú irin ni. Ẹ wá mú gíráńdà tẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà sí lẹ́nu, ibí yìí sì lojú máa ń tàn èèyàn: búrọ́ọ̀ṣì wáyà máa ń mú kí ìpẹtà fúnra ẹ̀ máa dán, ẹ máa rò pé irin lẹ̀ ń wò. Ẹ gbé e síta sínú oòrùn, ẹ fojú sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn àmì dúdú tíntìntín nínú àwọn kòtò, ìpẹtà nìyẹn, kò tíì lọ. Ẹ fi sáńpépà 80 yún un, èyí tí ò bá lọ, ẹ fi oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid pa á, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa kẹ́ ẹ tètè gbẹ ẹ́, torí epoxy ò fẹ́ràn ásíìdì tó ṣẹ́ kù lábẹ́ ẹ̀. Oògùn yẹn, ẹ má jẹ́ kó ta sí ẹ́ńjìnnì o! Magnesium ni wọ́n fi ṣe ìkarahun ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ásíìdì máa jẹ ẹ́.

Àwọn irin tó nípọn, bíi wíìlì, irin gbọọrọ iwájú tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ lè kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iyanrìn fẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé kọ́ o, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n á ká kọrọkọrọ. Eruku iyanrìn yẹn sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ má dúró ti ẹni tó ń fẹ́ ẹ kẹ́ ẹ máa wòran.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé irin ti mọ́? Ẹ da omi tó mọ́ sí i. Tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀, ó ti mọ́. Tó bá ń ṣù jọ ní kóró kóró, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sí ọṣẹ. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi tínà gidi nu ún, aṣọ funfun méjì ni: ọ̀kan tó tutù fi nu ún, èkejì tó gbẹ máa tẹ̀ lé e kí tínà tó fẹ́ lọ, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń pín ọ̀rá yẹn kiri ni. Pẹtiróòlù kọ́ o. Ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó sì lè jó ilé. Látìgbà yẹn lọ, ọwọ́ lásán ò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́, òógùn ọwọ́ ní iyọ̀.

Ní Badagry, irin tẹ́ ẹ yún lálẹ́ tó bá sùn síta, pupa lẹ máa bá a láàárọ̀. Torí ẹ̀, ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá lè kùn lọ́jọ́ kan ni kẹ́ ẹ yún lọ́jọ́ náà. Ẹ má kùn ún ní ìdájí, ìrì ṣì wà lára ẹ̀ tójú ò rí, ẹ má sì kùn ún tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Òfin tí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ ju 85% lọ, irin sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ. Ẹ ò ní ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi máa wọ̀n ọ́n, mo mọ̀, ẹ ṣáà dúró di nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn mú, kẹ́ ẹ sì parí kí aago mẹ́ta tó kọjá. Ọyẹ́ dáa ní ti pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n eruku ẹ̀! Ẹ ta tapólì yíká.

Epoxy àti háàdínà ẹ̀, èyí tó ń mú un gan, ẹ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, òmíràn ọ̀kan sí ọ̀kan ni, òmíràn mẹ́rin sí ọ̀kan. Ẹ má fojú bù ú, ẹ má sì fi háàdínà kún un pé kó lè tètè gan, kò ní gan dáadáa láéláé ni. Kẹ́ ẹ tó kun gbogbo ojú ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ́kọ́ fi ọ̀dà pa gbogbo etí irin àti ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò létí tó bá mú ṣóńṣó, etí yẹn ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Abẹ́ ọkọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó o, kò sẹ́ni tó ń ráyè wò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́n ọn, ìbòmú COVID ò lè ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ ra èyí tó ní fílítà fún òórùn kẹ́míkà, pàápàá fún àwọn ọ̀dà òkè tó ní háàdínà, ó ń fa ikọ́ fée.

Inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, ẹsẹ̀ bóòtù, àti ibi tí wáyà ááàtì (earth) ti fara kan bọ́dì, ẹ má kùn ún. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí ibi wáyà yẹn tẹ́ ẹ bá ti dì í tán. Omi bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 máa ń bó ọ̀dà, tó bá ta sí i, omi kíákíá. Sàlẹ́ńsà fẹ́ ọ̀dà iná, òmíì ń fara da iná tó 600°C, epoxy máa jó dànù níbẹ̀.

Ihò gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, inú lọ́hùn-ún ló ti ń jẹra, búrọ́ọ̀ṣì ò dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kun ìta tán tó ti gan, ẹ fọ́n wax tí wọ́n ṣe fún inú ihò ọkọ̀ sí i, ẹ sì rí i pé ẹ ò dí àwọn ojú kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti da kọndẹ́mù ọ́ílì síbẹ̀. Ó ń ṣe díẹ̀, àmọ́ á máa kán sílẹ̀, á sì ba rọ́bà ilẹ̀kùn jẹ́, èmi ò ní ṣe é.

Bátìrì yẹn ṣá, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà ibẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbé e lé e. Ẹ wá ike pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ ẹ̀ kí ásíìdì má kan irin mọ́, kẹ́ ẹ sì dé orí ẹ̀ dáadáa, torí tẹ́ni tó sanra bá jókòó sẹ́yìn, súpíríǹgì síìtì lè kan orí méjèèjì tí bátìrì ní, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti gbiná nípa bẹ́ẹ̀.