Ẹ̀rọ mú ọmọ lọ́wọ́, ẹ ní kò fara balẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Súpáfáísọ̀ ni mí ní bekárì kan n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mú ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ òru, dókítà sì gé ìka méjì. Ọ̀gá wa ti san owó ọsibítù. Ó ní kí ọmọ náà tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ti parí, torí àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Àwọn kan ní ká bọ Ògún. Ọkùnrin kan sì ní òun yóò fi ọjọ́ méjì kọ́ wa ní ètò ààbò, òun yóò fún wa ní sátífíkéètì tí ìjọba kò fi ní yọ wá lẹ́nu. Ṣé ká gbà? Ṣé Nàìjíríà tilẹ̀ ní ètò kankan fún irú èyí?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ọlọ́run á wo ọwọ́ rẹ̀ sàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti sátífíkéètì kúrò nílẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ dára, èmi náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé òun ni kò ní jẹ́ kí olùbẹ̀wò wo ẹ̀rọ yín, oníjìbìtì ni. Ní ti Ògún, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún kì í tìtorí ìyẹn ki ọwọ́ bọ iná.

Èyí tó bí mi nínú ni "àìfarabalẹ̀". Lẹ́tà tí mo bá gbà lórí jàǹbá iṣẹ́, bóyá ti onípákó ni o, bóyá ti oníbúlọ́ọ̀kù ni o, ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n nínú rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Irin gbọọrọ méjì ló ń yí kọjú síra wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń fa ìyẹ̀fun wọlé, kò sì mọ ìyẹ̀fun yàtọ̀ sí ọwọ́. Kí ènìyàn tó ké "yéè", ìka ti wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ tí mo ti rí, ihò bóòtù ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí gáàdì, ìyẹn ìbòrí irin, wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú u torí pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á sì wà lára ògiri lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rọ ti mú kò lè dé. Ta ló tú gáàdì? Ta ló gbé bọ́tìnì lọ sára ògiri? Kì í ṣe ọmọ yẹn.

Ó wà lórí ìdúró láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Oorun á kùn ún, òógùn á bọ́ sí i lójú, á rántí owó ilé. Ènìyàn ṣá ni. Ẹ sì bi ọ̀gá yín léèrè ẹni tó ti fara pa níbẹ̀ rí. Bí lágbájá bá fara pa lára ẹ̀rọ kan ní èṣí, tí tàmẹ̀dò tún fara pa lára rẹ̀ lọ́dún yìí, ṣé ara ẹ̀rọ ni àìfarabalẹ̀ ń gbé ni?

Factories Act, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987, ní kí wọ́n fi ohun tó dúró gbọn-in dí gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Kò ní kí ẹ lọ wá ọmọ tó lójú lára. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó sanwó. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa dá náírà kan sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san ẹ̀san òṣìṣẹ́, lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" yẹn, ní òye tèmi, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ fi hàn lọ́yà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni fà á.

Nàìjíríà ní ètò. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àwọn olùbẹ̀wò. Èkó ní àjọ ààbò tirẹ̀. A fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ ní 1994, a sì fọwọ́ sí Àdéhùn 187 ní 2022, èyí tó ní kí ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ gbé ètò ààbò orílẹ̀-èdè kalẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe àkọsílẹ̀ jàǹbá. Àkọsílẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Olùbẹ̀wò kò tó nǹkan, ilé-iṣẹ́ sì pọ̀ bí iyanrìn. Ibo ni kó kọ́kọ́ yà? Bí ọ̀gá bá ti ní àìfarabalẹ̀ ni, tó sanwó ọsibítù, tó panu mọ́, ìka méjì yẹn kò sí nínú ìwé kankan ní Nàìjíríà. Irú ẹ̀rọ kan náà lè wà ní bekárì márùn-ún ládùúgbò yín, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ní Ìkòròdú ní 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kú sínú rẹ̀. Ṣé àwọn náà ni kò fara balẹ̀?

Ẹ pa ẹ̀rọ náà lónìí. Kí wẹ́dà ṣe gáàdì tí ìka kò lè gbà kọjá, kí oníná gbé bọ́tìnì wá síwájú níbi tí orókún lè tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìbọ̀wọ́ fún wọn nítorí ẹ̀rọ yìí! Ìbọ̀wọ́ ni irin yóò kọ́kọ́ gbá mú, yóò sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. N kò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá wò ó kí ẹ tó tún tan án. Ẹ tún wo eruku fúláwà tó ń fò níbẹ̀, ó ń fa ikọ́ fée. Nínú bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí ILO ṣírò pé iṣẹ́ ń pa lọ́dún lágbàáyé, àìsàn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ kò kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà yín. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọjọ́ méje ni ọ̀gá ní láti fi tó NSITF létí, ọdún kan sì ni ọmọ náà ní láti béèrè ẹ̀san. Bí ọjọ́ méje bá ti kọjá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Kí wẹ́dà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ihò bóòtù wọ̀nyẹn hàn dáadáa.