Mo kọ False, ó ṣì pa fáìlì mi rẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ skríìptì Python kan tó máa ń kó fáìlì láti fódà kan lọ sí òmíràn, argparse ni mo fi ń gba ohun tí mo bá tẹ̀ ní tẹ́mínà. Bí mo ṣe ń pè é nìyí:

python3 daako.py --faili isiro osu.csv --paare False

Ó ní "unrecognized arguments: osu.csv". Mo wá yí orúkọ fáìlì yẹn sí isiro.csv, ó gbà á, àmọ́ ńṣe ló pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ False ni mo kọ síwájú --paare gbangba! type=bool, ìyẹn irú tó máa ń jẹ́ True tàbí False, ni mo fi sí i nínú kóòdù. Ṣé Python mi ló ti bàjẹ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ ti fáìlì tó lọ o. Python ẹ ò bàjẹ́ rárá, nǹkan méjì ló pàdé ara wọn níbẹ̀, jẹ́ ká tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú kóòdù yẹn, fi ìlà méjì yìí sí i, kó wà ṣáájú parse_args, ìyẹn ibi tí argparse ti ń ka ohun tó o tẹ̀:

import sys
print(sys.argv)

Ohun tó bá gbé jáde yẹn ni gbogbo ohun tó dé ọ̀dọ̀ skríìptì ẹ, kò rí nǹkan míì. Fún èyí tó o kọ́kọ́ tẹ̀ yẹn, wàá rí i báyìí:

['daako.py', '--faili', 'isiro', 'osu.csv', '--paare', 'False']

Ṣé o rí i pé isiro àti osu.csv ti pínyà? Argparse kọ́ ló pín wọn o. Shell ni, ìyẹn bash tàbí zsh tó ò ń tẹ nǹkan sí, òun ló máa ń kọ́kọ́ ka ìlà yẹn, ibi tó bá ti rí àlàfo ló ti máa gé e, lẹ́yìn náà ló máa wá kó àwọn ègé náà fún Python. Bí --faili ṣe mú isiro nìyẹn, tí osu.csv wá dúró láìní olówó, ni argparse bá figbe ta. Tó o bá tún kóòdù yẹn kọ títí di ọ̀la, kò lè yanjú, torí wọ́n ti gé e kó tó débẹ̀. Àmì àyọlò ni kó o fi yí orúkọ náà ká:

--faili "isiro osu.csv"

Bó ṣe rí náà nìyẹn tó o bá kọ *.csv, shell á ti sọ ọ́ di orúkọ gbogbo fáìlì tó bá a mu nínú fódà yẹn, --faili á gba ẹyọ kan, á kọ ìyókù. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kó gbà wọ́n pọ̀ ni, fi nargs="+" sí i.

Ti type=bool yìí ló wá dùn mí jù, torí kì í pariwo, iṣẹ́ ló kàn máa ń bàjẹ́. Gbogbo ohun tó bá ti tẹ́mínà wá, string ni, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n tò pọ̀ lásán. Tó o bá kọ type=bool, bool("False") ni argparse máa ṣe, bool ò sì ní ka ohun tó wà nínú string yẹn o, ohun kan ṣoṣo tó ń wò ni pé ṣé ó ṣófo ni àbí kò ṣófo. "False" ní lẹ́tà 5 nínú, kò ṣófo, ó di True nìyẹn. "0" náà True ni, "rara" náà True ni, àfi string tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ nìkan ló máa di False. Yọ ọ́ kúrò, kó o kọ èyí:

parser.add_argument("--paare", action="store_true")

Tó o bá ti tẹ --paare, True ni, tó ò bá tẹ̀ ẹ́, False ni, kò sí pé à ń kọ nǹkan síwájú ẹ̀ mọ́. Tó o bá tiẹ̀ gbàgbé tó o tún kọ False, á ké "unrecognized arguments: False", á sì dúró láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ìyẹn ló sì dáa jù fún skríìptì tó ń pa nǹkan rẹ́. Láti Python 3.9, argparse.BooleanOptionalAction wà, tó máa fún ẹ ní --paare àti --no-paare pọ̀, tó o bá lò ó, fi default=False sí i. Èmi ò fara mọ́ kí skríìptì kankan máa pa fáìlì rẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín dìídì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan tún kù: tó o bá ń da àṣẹ kọ láti inú Word, ó lè ti sọ dáàṣì méjì di ẹyọ kan gígùn, argparse ò ní mọ̀ ọ́n, ojú ẹ náà ò sì ní tètè rí i. Fi ọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́.

Fi ẹ̀dà fáìlì dán an wò ní fódà míì ná kó o tó padà sórí ojúlówó. Tó bá ṣì ń yọ ẹ́ lẹ́nu, fi ohun tí print yẹn gbé jáde àti ìlà add_argument ẹ ránṣẹ́ sí mi, má fi àwòrán ẹ́rọ̀ nìkan ránṣẹ́.